Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìlera: Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Iṣan Tóbi, Tí Ó sì Ń Pa Iná Ilé

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yà sọ́tọ̀ fún ojú ìwé yìí lóṣù yìí. Adúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n ti wá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ sítẹ́rọ́ìdì ni gbogbo wọn ń sọ, pàápàá èyí tí àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù ń gún sára tàbí tí wọ́n ń gbé mì kí iṣan wọn lè tètè tóbi. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ ohunkóhun tó lè tú àwọn tó kọ wọ́n fó, ṣùgbọ́n n kò yí ìbéèrè ẹnikẹ́ni padà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ṣe ìgbéyàwó, a kò tíì bímọ. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ti ṣe, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe mí. Ìyá ọkọ mi ti mú mi dé oríṣiríṣi ibi tí wọ́n ti ń tọrọ ọmọ. Oṣù tó kọjá ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n yẹ àtọ̀ òun wò, ilé àyẹ̀wò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò rí irúgbìn kankan nínú rẹ̀. Ọkọ mi taagun, ó sì ti ń gún abẹ́rẹ́ testosterone tí wọ́n ń tà fún un ní jíìmù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní họ́mónù ọkùnrin ni òun ń gún, kò sì lè jẹ́ òun náà ni yóò sọ òun di ẹni tí kò lè bímọ. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyàwó ilé, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí ọkọ yín sọ dùn létí bí òótọ́, òun gan-an ni ó sì ń tan ọ̀pọ̀ ọkùnrin jẹ. Testosterone ni họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin. Lọ́dún 1935 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù yọ ọ́ jáde láti inú kórópọ̀n akọ màlúù, lọ́dún kan náà ni wọ́n sì rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe é láìsí màlúù. Àwọn sítẹ́rọ́ìdì yòókù tí àwọn agbérin ń lò, bíi nandrolone àti stanozolol, ọmọ ìyá rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Inú orí ni àṣẹ ti ń wá. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí ń ṣọ́ bí testosterone inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá rí i pé ó ń dínkù, yóò ránṣẹ́ sí kókó kékeré kan tí ó so rọ̀ lábẹ́ ọpọlọ, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, kókó náà yóò sì tú họ́mónù méjì tí wọ́n ń pè ní LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀. LH ni ó ń sọ fún kórópọ̀n pé kí ó ṣe testosterone. FSH ni ó ń rí sí títọ́ irúgbìn ọmọ dàgbà. Ẹ fi wé ilé tí ìyá ilé ti máa ń ṣí ìkòkò wò kí ó tó pàṣẹ pé kí wọ́n dáná. Bí ẹnìkan bá ń ra oúnjẹ wá láti ìta, tí ó ń dà á kún ìkòkò náà láràárọ̀, ìyá ilé kò ní pàṣẹ mọ́. Bí oṣù bá sì ti ń gorí oṣù, iná yóò kú, ààrò yóò tutù, àwọn tó ń dáná yóò sì tú ká. Kórópọ̀n ọkùnrin tí iná rẹ̀ bá ti kú báyìí a máa súnkì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ yìí ló sì ti kíyè sí i lára wọn tí ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

Ẹ tún wo bí oúnjẹ ìta yẹn ti pọ̀ tó. Nǹkan bíi milígíráàmù 3 sí 10 ni ara ọkùnrin tí ó dá ṣáṣá ń ṣe lóòjọ́, èyí tí kò ju 70 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń wá iṣan ń gún 500 lọ́sẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gún ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú oríṣi méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀.

Mo mọ̀ pé ọkọ yín yóò ṣì bi yín pé, bí testosterone bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀ òun, kí ló dé tí kórópọ̀n òun kò lè mú nínú rẹ̀ láti fi ṣe irúgbìn. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé testosterone tí irúgbìn nílò láti dàgbà nínú kórópọ̀n pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì, ó lè tó ìlọ́po 100. Ibẹ̀ nìkan ni ó ti lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí tí a gún sí ìdí tàbí sí èjìká yóò mú kí irùngbọ̀n hù, yóò mú kí apá ki, ṣùgbọ́n kò lè dé ìwọ̀n yẹn nínú kórópọ̀n láéláé. Nítorí náà ni ọkùnrin ṣe lè taagun lójú gbogbo ènìyàn kí àtọ̀ rẹ̀ sì ṣófo.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tilẹ̀ ti dán testosterone wò gẹ́gẹ́ bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1990, wọ́n gún ọkùnrin 271 ní milígíráàmù 200 lọ́sẹ̀, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí irúgbìn tán pátápátá nínú àtọ̀ wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Oògùn tí ọkọ yín ń lò nígbà tí ẹ ń tọrọ ọmọ, oògùn tí wọ́n ti dán wò láti dí ọmọ lọ́nà ni.

Ìrètí wà, mo sì fẹ́ kí ẹ dì í mú. Nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ ni irúgbìn kan fi ń dàgbà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè dá abẹ́rẹ́ dúró lónìí kí àtọ̀ rẹ̀ sì dára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú irú ìdánwò tí mo sọ yìí, tí ìwọ̀n oògùn kò pọ̀ jù, irúgbìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin náà padà láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró. Ti ẹni tó ti lo ìwọ̀n ńlá fún ọdún púpọ̀ lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan sì wà tí tiwọn kò padà tán. Kí ọkọ yín lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn họ́mónù tàbí ti àìrọ́mọbí, ní ilé ìwòsàn ńlá bíi ti UNIOSUN níhìn-ín ní Òṣogbo tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Oògùn wà tí ó lè ta kórópọ̀n jí, dókítà ni yóò sì mọ̀ bóyá ó yẹ ẹ́. Kí wọ́n tún àtọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. WHO gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2021 pé ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí a retí ni irúgbìn mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan. Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún ẹnikẹ́ni ní kẹ́mísì tó bá gbọ́ pé àtọ̀ kò dára, tí ó sì na abẹ́rẹ́ testosterone mìíràn sí i yín. Mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń dùn mí wọra, nítorí epo ni wọ́n ń dà sínú iná.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní ìlú wa yìí, tí àwọn ènìyàn ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn lóṣù kẹjọ ọdọọdún láti tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, obìnrin ni a sábà máa ń rí lórí ìkúnlẹ̀ létí odò. Kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ mú ìwé àyẹ̀wò náà tọ ìyá rẹ̀ lọ, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin ni yóò ṣe é.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 41 ni mí, ọdún keje rèé tí mo ti ń lo sítẹ́rọ́ìdì. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ wa ní jíìmù sọ pé èyí tí à ń gbé mì ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pé abẹ́rẹ́ kò léwu. Nígbà tí mo lọ fi ẹ̀jẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n mi lọ́rẹ, wọ́n ní PCV mi jẹ́ 57, inú mi sì dùn nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń wá kí ẹ̀jẹ̀ òun kún. Ṣùgbọ́n ìfúnpá mi jẹ́ 160/100, èémí mi sì ń ké bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Kí ni kí n ṣe? (Ọ̀gbẹ́ni kan, Òkè-Báálẹ̀)

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Èémí tó ń ké lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìfúnpá tó ga báyẹn àti PCV 57, ọ̀rọ̀ tí kò gba ìsinmi ni.

Mo lóye ìdí tí inú yín fi dùn sí PCV náà. Láàárín wa, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni a mọ̀ sí àrùn, a kì í sábà gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù. Àmọ́ ohun tí PCV ń wọ̀n ni ìpín tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì ń lé mùdùnmúdùn inú egungun níré pé kí ó máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa síwájú àti síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe máa ki bí ògì tó ń di ẹ̀kọ lórí iná. Ọkàn yóò wá máa fi ipá ti ohun tó ki yìí gba inú iṣan tóóró, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú ẹsẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí nínú ọpọlọ, èyí tí yóò yọrí sí rọpárọsẹ̀. Àwọn dókítà tó ń fún aláìsàn ní testosterone fún ìwòsàn gan-an a máa dá a dúró bí PCV bá ti kọjá 54.

Ọkàn fúnra rẹ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Iṣan ni ọkàn, oògùn tó sì ń mú iṣan apá ki kò mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ọkàn. Ara ògiri rẹ̀ a máa nípọn, a máa le, agbára tí ó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde yóò sì máa dínkù. Lọ́dún 2017, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 140 tó ń gbé irin: 86 nínú wọn ti lo sítẹ́rọ́ìdì fún ọdún púpọ̀, 54 kò lò ó rí. Ọkàn àwọn tí kò lò ó ń ti ìpín 63 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìyẹ̀wù apá òsì jáde lẹ́ẹ̀kan tó bá sọ. Ti àwọn tó lò ó jẹ́ 52. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú rẹ̀ ni pé, nínú àwọn tó lò ó yìí, ti àwọn tó ṣì wà lórí oògùn nígbà ìwádìí jẹ́ 49, ti àwọn tó ti dá a dúró sì jẹ́ 58. Ọkàn lè gba ara rẹ̀ padà díẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn pọ̀, nítorí pé sítẹ́rọ́ìdì ń lé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere wálẹ̀, ó sì ń gbé búburú gòkè, ọ̀rá náà kì í sì ṣí kúrò bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀dọ̀, ìdajì òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Ẹ̀dọ̀ a máa tú testosterone tí a gbé mì palẹ̀ kí ó tó dé ibi tó ń lọ, nítorí náà ni àwọn tó ṣe èyí tí à ń gbé mì ṣe yí i padà kí ẹ̀dọ̀ má lè tètè tú u. Ohun tí ẹ̀dọ̀ kò lè tú ni ó wá ń ni ín lára: òróòro lè há sínú rẹ̀, kí ojú pọ́n bí ìyeyè, kí ara máa yún ni, kí ìtọ̀ dúdú. Àpò ẹ̀jẹ̀ lè yọ nínú ẹ̀dọ̀, tí ó lè bẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, kókó sì lè hù nínú rẹ̀, títí kan jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ kò ni ẹ̀dọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń lọ, inú ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà.

Kíndìnrín náà kò gbẹ́yìn. Ìfúnpá gíga nìkan tó láti ba á jẹ́, àwọn dókítà ní New York sì ròyìn lọ́dún 2010 nípa agbérin 10 tó ń lo sítẹ́rọ́ìdì tí protein ń jò jáde nínú ìtọ̀ wọn, tí àpá sì ti wà lára asẹ́ inú kíndìnrín ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ohun tí ẹ ń lò fún dókítà láìfi ọ̀kan pamọ́, nítorí pé iṣan ńlá lè gbé creatinine, èyí tí wọ́n fi ń yẹ kíndìnrín wò nínú ẹ̀jẹ̀, gòkè láìsí àrùn kíndìnrín, gbígbé irin sì lè gbé AST àti ALT, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, gòkè láìsí àrùn ẹ̀dọ̀. Dókítà tí kò mọ̀ lè ka èsì yín sódì.

Ẹ má kàn já a sílẹ̀ lójijì lẹ́yìn ọdún méje láìsí ẹni tó ń tọ́jú yín. Iná ilé tí mo fi dáhùn lẹ́tà àkọ́kọ́ ti kú lọ́dọ̀ yín náà. Láàárín ìgbà tí oúnjẹ ìta bá tán àti ìgbà tí ààrò yóò tún gbóná, ara yóò rọ̀, ìfẹ́ sí aya yóò dínkù, ìbànújẹ́ tó wúwo sì lè bo ọkàn mọ́lẹ̀ débi pé èrò ikú ń wá. Ẹ sọ fún aya yín kí ó máa kíyè sí yín lásìkò náà. Bí ẹ bá sì ti bá ẹnikẹ́ni pín abẹ́rẹ́ tàbí ìgò kan náà rí, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún HIV àti fún àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B àti C. Bí ọmú bá ti ń wú lára yín, ẹ sọ èyí náà. Ara ni ó ń sọ apá kan testosterone tó pọ̀ jù di estrogen, họ́mónù obìnrin, ọmú tó bá sì ti dúró pẹ́ lè gba iṣẹ́ abẹ kí ó tó lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ ní ikọ́ fée. Dókítà kọ prednisolone fún un, ó sì tún fún un ní èyí tí ó ń fà sẹ́nu. Aládùúgbò mi ní sítẹ́rọ́ìdì ni méjèèjì, pé òun ni àwọn ọmọ jíìmù ń lò. Mo ti fẹ́ dà wọ́n nù. Àbúrò mi obìnrin náà ń ra dexamethasone kí ó lè sanra. (Ìyá kan, Ọjà Ọba)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má da oògùn ọmọ nù. Ẹbí ńlá ni sítẹ́rọ́ìdì, ẹ̀ka méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá sì ni à ń sọ yìí. Èyí tí àwọn agbérin ń lò ń ṣàfarawé họ́mónù kórópọ̀n. Prednisolone àti èyí tí ọmọ ń fà sẹ́nu ń ṣàfarawé họ́mónù tí kókó méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ń ṣe, wọ́n sì ń mú kí ìwúlé inú ọ̀nà èémí lọ sílẹ̀ kí ọmọ lè mí. Kò ní mú iṣan ọmọ yín tóbi. Ẹ fún un ní iye tí dókítà kọ, fún iye ọjọ́ tó kọ ọ́.

Ti àbúrò yín ni ó ń kọ mí lóminú. Ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú prednisolone ni dexamethasone tí ó ń rà. Ohun tí ó rí tó pè ní sísanra, omi ni àti ọ̀rá tó ń kó sí ojú, ọrùn àti ikùn, nígbà tí iṣan itan ń gbẹ, tí egungun ń rọ, tí ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì ń gòkè. Ohun tí mo sọ nípa iná ilé bá a mu pẹ̀lú: bí ó bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn kókó orí kíndìnrín rẹ̀ ti lè sùn, bí ó bá sì dá a dúró lójijì, ó lè dákú, kí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu. Dókítà ni kí ó máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 17 ni mí, eré sísá ni mo ń ṣe. Ẹni tó ń kọ́ wa ń fún mi ní hóró oògùn kan, ó ní fítámì ni. N kò rí nǹkan oṣù mi láti oṣù mẹ́rin, irun ń hù ní àgbọ̀n mi, ohùn mi sì ti ń dún bíi ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ṣé yóò padà bí mo bá dá a dúró? (Ọmọbìnrin kan, Aṣùbíàró)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má gbé ọ̀kan mì mọ́ nínú rẹ̀. Àmì tí o kọ yìí jọ ti sítẹ́rọ́ìdì tí àwọn agbérin ń lò, kò jọ ti fítámì. Nǹkan oṣù sábà máa ń padà. Irun àgbọ̀n lè dínkù, ó sì lè má tán. Ní ti ohùn, n kò ní parọ́ fún ọ: bí ohùn obìnrin bá ti ki nítorí irú oògùn yìí, kì í sábà padà sí bó ti wà, ìdí nìyí tí ọjọ́ kan fi ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ orí rẹ, oògùn yìí tún lè mú kí ibi tí egungun ti ń gùn tètè dí, kí o má lè ga tó bó ṣe yẹ.

Má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi. Ní Jámánì Ìlà-Oòrùn àtijọ́, wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju tìrẹ lọ ní irú hóró bẹ́ẹ̀, wọ́n ní fítámì ni, àwọn òbí wọn kò sì mọ̀. Lọ́dún 2000, ilé ẹjọ́ ní Berlin dá àwọn àgbà tó wà nídìí rẹ̀ lẹ́bi. Àwọn àgbà ni wọ́n dá lẹ́bi, wọn kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi.

Fi lẹ́tà yìí han màmá rẹ lálẹ́ òní, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mú hóró tó kù àti páálí rẹ̀ dání, kí dókítà lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí o rò pé ó dá nǹkan oṣù dúró má jẹ́ oògùn nìkan, nítorí náà jẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n bá ní kí o ṣe. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ẹni tó ń fún ọ, dárúkọ rẹ̀ fún wọn, nítorí pé o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ìwọ nìkan kọ́ ni ó ń kọ́.